Lẹ́tà sí àbúrò mi tó dìde kí bọ́ǹbù tó sọ̀rọ̀

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O dìde láàárín Dark Star, fíìmù àwàdà nípa àwọn tó ń rìnrìn àjò láàárín ìràwọ̀ nínú ọkọ̀ kan, o ní àwàdà tí kò bá ti pa èèyàn lẹ́rìn-ín, kí wọ́n má pè é láwàdà mọ́. Ó dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn fíìmù yẹn gan-an. Mo ti tún un wò lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà.

Òótọ́ lo sọ pé ẹ̀dá àjèjì inú ọkọ̀ náà ò pani lẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù etíkun ni wọ́n so ẹsẹ̀ mọ́. Ó sá, Pinback, ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò náà, lé e. Ó tún sá, ó tún lé e, títí Pinback fi há sínú ihò lífíìtì. Ó ti gùn jù. Gbogbo ibẹ̀ ló ń bẹ̀ wá pé ká jọ̀wọ́ ká rẹ́rìn-ín, ẹ̀bẹ̀ yẹn ló sì pa ẹ̀rín náà.

Àmọ́ dúró gbọ́ èyí. Bọ́ǹbù kan tó ń ronú, tó sì ń sọ̀rọ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 20, há sábẹ́ ọkọ̀, ó kọ̀, kò já, ó sì kù díẹ̀ kó bú. Ni Doolittle, aṣáájú wọn, bá jáde sínú òfurufú lọ bá a, ó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òun wà láyé. Bọ́ǹbù ronú, ó sì fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ̀wé lóòótọ́. Kò sí èyí tó ń ṣeré nínú àwọn méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ibi tí bọ́ǹbù bá parí èrò sí ni ẹ̀mí gbogbo wọn wà. Mi ò ní sọ ibẹ̀ fún ọ.

Ohun kan ṣì kù. Dan O'Bannon, tó bá John Carpenter kọ ìtàn yìí jáde ní 1974, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Pinback tó ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Nígbà tí àwọn òǹwòran ò rẹ́rìn-ín tó bó ṣe rò, ó gbé ẹ̀dá àjèjì inú ọkọ̀ yẹn padà, ó ní òun á kúkú fi dẹ́rù bà wọ́n. Ìyẹn ló di Alien ní 1979, fíìmù tó o fẹ́ràn jù lọ, tó o ò lè pa iná sùn lẹ́yìn rẹ̀. Inú bọ́ọ̀lù tó o bú yẹn ló ti jáde.

Ibi tó o ti dìde gan-an ni mo dá fíìmù náà dúró sí. Máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ