Lẹ́tà sí Àkàndé, nítorí ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun

Àkàndé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo pè ọ́ títí, o kò gbé e, ni mo ṣe jókòó láti kọ ìwé. Ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bọ́ílà ilé ti bàjẹ́, lánlọ́ọ̀dù ní òun ń bọ̀, a ṣì ń wò ó. Àǹtí rẹ Bísí ti bímọ, obìnrin ni.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi láti Ìbàdàn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Wọ́n ní Ṣẹ́gun ọmọ àbúrò mi dé Leeds lálẹ́, ó pè ọ́, o ní kò sí àyè, ibùdókọ̀ ló sùn mọ́jú. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ irọ́, tètè sọ kí n bá wọn jà. Bó bá jẹ́ òótọ́, má tíì dá mi lóhùn. Ka ìwé yìí tán ná.

O mọ ìyá arúgbó Júù tí mo ń tọ́jú ní Stamford Hill ní London níbí. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀, màmá á tan àbẹ́là, a ó gbé búrẹ́dì méjì sórí tábìlì, a ó fi aṣọ bò ó. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ìka ka àwo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwo bá ṣe déédéé iye ará ilé, inú á bí i: "Àlejò ńkọ́?" Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á sì mú ẹnìkan bọ̀ láti sínágọ́gù, ẹni tí kò mọ̀ rí tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, arìnrìn-àjò tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́ ni, torí Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn tí wọn kì í wọ ọkọ̀, ti wọlé bá a lójú ọ̀nà. Á jẹun, á sùn.

Mo bi ọmọ màmá léèrè ohun tó fà á. Ó ní ṣé n kò ka Jẹ́nẹ́sísì orí 18 ni. Èmi tí mo ń ka Bíbélì láti kékeré! Ó ní Olúwa ló fara han Ábúráhámù lẹ́nu àgọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ọkùnrin mẹ́ta lọ́ọ̀ọ́kán, eré ló sá lọ pàdé wọn. Ìyẹn ni àwọn ọlọ́gbọ́n wọn fi kọ ọ́ sínú Támúdù, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ wọn àtijọ́, pé gbígba àlejò tóbi ju gbígba ojú Ọlọ́run gan-an lọ. Òkèlè oúnjẹ ni bàbá náà ṣèlérí, ọmọ màlúù ló pa. Ìwọ ńkọ́? Àbúrò mi ní o ti sọ fún Ṣẹ́gun tẹ́lẹ̀ pé kó máa bọ̀, pé kò séwu.

N kò ní kí o sọ yàrá kan ṣoṣo di hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ mi. Mo mọ iye tí ò ń san. Àwọn Júù náà ń díwọ̀n. Nígbà tí àwọn èèyàn wọn ń sá bọ̀ láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ẹnìkan tó ń ṣe búrẹ́dì ní East End ní London, Simon Cohen, ṣí ilé fún àwọn tí kò ríbi sùn. Àwọn ẹni ńlá inú wọn ní ibẹ̀ dọ̀tí, wọ́n sì tì í pa. Ṣùgbọ́n ní 1885 yẹn náà ni Hermann Landau, tí òun pàápàá ti Poland wá, àti àwọn mìíràn dá ilé mìíràn sílẹ̀, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Leman Street. Ọjọ́ 14 ni àlejò lè lò níbẹ̀. Ọjọ́ 14, Àkàndé! Ṣẹ́gun ì bá ti ríbi gbà kó tó pé. Ibùdókọ̀, nínú òtútù Nofẹ́ńbà!

Bí àlejò bá ń lọ, òfin wọn ní kí onílé sìn ín, ó kéré tán ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin. Màmá á di irin tó fi ń rìn mú, á máa wọ́ ẹsẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, èmi á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Ta ló sin Ṣẹ́gun?

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ kan ká láti ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí a wà ní Tottenham, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gbé ẹrù dé, ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo pa iná. Mo fọwọ́ bò ọ́ lẹ́nu. O ò ké, a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ó fi lọ. Bàbá rẹ kú láìmọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé kì í ṣe Leeds ló kọ́ ọ.

Síbẹ̀, o ti dàgbà. Ọwọ́ mi kò sí lẹ́nu rẹ mọ́.

Mo ti fi £60 sí àkáǹtì rẹ. Fi ra bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, má fi ra bàtà. Pe Ṣẹ́gun lónìí, kó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì. Kó jẹun kí o tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Má sì sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o pè é.

Èmi ni,
Ìyá rẹ