Àbẹ̀kẹ́, Gba Ojú Ọjà Wálé

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Òṣogbo.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Màmá rẹ kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà ní kí n kí ọ. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àlàmísì, mo tún pè ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, o ò gbé e. Mo mọ̀ pé o rí i. Ẹni tó bá jẹ gbèsè, gbogbo ìpè ló ń dún bí ìpè olówó létí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kì í dún, kò sì ní kí o dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ orí fóònù mi. Mo wá awò ojú mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ọmọ mi yáwó, ó sì ti sá lọ. Wọ́n ní olè ni, kí n yáa sọ fún un kó wá sanwó kí wọ́n tó gbé àwòrán rẹ̀ síta. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn onígbàjúẹ̀ ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá ẹlẹ́kọ tó wà níwájú ilé wa, tó ti gbé ọ pọ̀n rí, rọra wá bá màmá rẹ pé irú rẹ̀ wọ orí fóònù tòun náà. Màmá rẹ kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi jẹun ní tèmi, torí mo ti jẹ gbèsè rí, mo sì mọ̀ pé ebi kì í san án.

N kò kọ̀wé yìí láti bá ọ jà. Mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ rí.

Ní 1994, kí a tó bí ọ, Iléyá ń bọ̀, iṣẹ́ sì kún ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gba aṣọ àti òwú láwìn lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Ọba. Èrò mi ni pé bí àwọn oníbàárà bá ti wá gba aṣọ wọn, màá san án. Wọ́n wá gba aṣọ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ní kí n fún àwọn láyè díẹ̀. Owó tó wọlé lọ́wọ́ àwọn tó san, mo fi ra àgbò, torí pé gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń fa àgbò wọlé. Ìyá aláṣọ wà níbẹ̀, gbèsè ₦6,200 wà lọ́rùn mi.

Láti ọjọ́ náà n kò gba Ọjà Ọba mọ́. O mọ̀ pé iwájú ààfin Àtáọ́ja ni ọjà náà wà, o sì mọ bó ti ṣòro tó fún ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun láti yẹra fún ibẹ̀. Èmi yẹra. Mo mọ gbogbo ẹ̀yìnkùlé, mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀, mo mọ ilé tí ajá wà àti ilé tí ajá ti kú. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogójì ìṣẹ́jú. Kódà Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí kékeré kan lọ́nà jíjìn ni mo ń lọ, kí n má baà pàdé ìyá náà lójú ọ̀nà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ṣe báyìí. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ti rí gbogbo owó náà pọ̀, màá lọ. N kò rí i pọ̀. Ẹni tó ń rin ogójì ìṣẹ́jú níbi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbà wo ló fẹ́ ṣiṣẹ́?

Níbi ìkómọ kan ni ọwọ́ ìyá náà ti tẹ̀ mí. Ó jókòó tì mí, kò bú mi, kò sì gbóhùn sókè. Ó kàn wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Télọ̀, bàtà rẹ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà tí ò ń gbà ti jìn jù." Ojú tì mí ju kó gbá mi létí lọ. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀, a jọ ṣírò. A fi àdéhùn sí ₦200 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú pé màá máa rán aṣọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kó máa yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú gbèsè. Oṣù mẹ́fà ni mo fi san án tán. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sá fún un, Àbẹ̀kẹ́. Sísá yẹn pẹ́ ju sísan lọ.

Ìyá àgbà mi máa ń sọ̀rọ̀ ológò fún wa. Láyé tiwọn, bí gbèsè bá pẹ́ nílẹ̀, olówó á rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Ológò á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa bú baálé ilé, á pa adìẹ tó bá rí jẹ, kò sì ní í dìde àfi bí wọ́n bá sanwó. Mo rò pé ayé ológò ti kọjá, àṣé inú fóònù ló kó lọ. Ti àtijọ́ tilẹ̀ sàn, ẹnu ọ̀nà onígbèsè nìkan ló ń jókòó sí. Tìsìnyí ń dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ.

Mo ti béèrè kiri lórí ọ̀rọ̀ náà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, gbé ìlànà jáde ní 2022 fún àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, wọ́n sì ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Ní 2023, Google náà ní áàpù tó ń yáni lówó kò gbọdọ̀ wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò ẹni mọ́. Torí náà, ohun tí wọ́n ṣe sí ọ kò tọ́. Ya àwòrán gbogbo ohun tí wọ́n kọ, má pa á rẹ́, a ó jọ fi ẹjọ́ wọn sùn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kì í pa gbèsè rẹ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé kí o ṣí àkáǹtì mìíràn kí o máa gba owó oṣù rẹ síbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni báńkì tó yá èèyàn lówó ti lè tọ BVN rẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pọ̀, lọ fa owó náà yọ ní báńkì mìíràn.

Ó kan ìṣirò. Mo fúngun mọ́ àbúrò rẹ, ó sọ èyí tó mọ̀ (má bá a jà). Áàpù kìíní, ₦18,000. Áàpù kejì, ₦45,000. Àwọn gbómúléláńtà tó ń yá ẹ̀yin ẹgbẹ́ lówó, ₦96,000, tí ò ń san ₦6,000 lọ́sẹ̀. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ, ₦25,000. Ẹni tó ta aṣọ ẹbí fún ọ, ₦14,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦198,000. Bí òmíràn bá wà tí àbúrò rẹ kò mọ̀, kọ ọ́ kún un. Gbèsè tí a kò bá kọ sílẹ̀ ni yóò jí wa lóru.

Wo ti áàpù kìíní yẹn dáadáa. Wọ́n ní ₦15,000 ni wọ́n yá ọ, wọ́n yọ ₦3,000 kó tó dé ọwọ́ rẹ, wọ́n ní kí o san ₦18,000 lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. ₦12,000 ni o rí ná. ₦6,000 lórí ₦12,000, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì! Ohun tí Àlùkùránì wí nípa èlé, o kà á ní ilé kéú, n kò ní í tún un kà fún ọ. Àbúrò rẹ sì ní torí kí o lè san èyí ni o ṣe lọ yá ti kejì. Ibẹ̀ ló ti bà jẹ́. Láti òní lọ, má yáwó sanwó mọ́, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà.

Owó tó ń wọlé fún ọ, ₦60,000 láti ilé ìwé àti ₦20,000 láti ara lẹ́sìnnì, ₦80,000 ni. Owó ilé tí o san yóò tán lóṣù tó ń bọ̀. Má san òmíràn. Yàrá rẹ wà níbí, àpò ìrẹsì méjì àti ẹ̀rọ ìránṣọ tó bàjẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, a ó kó wọn kúrò. Mo mọ̀ pé ó nira fún ọmọ tó ti ń dá gbé láti padà sábẹ́ òbí. Màmá rẹ yóò sọ̀rọ̀. Fara dà á.

Nínú ₦80,000 náà, mú ₦24,000 fún gbómúléláńtà, má pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ, torí bí o bá pa á jẹ, àwọn tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ ni wọn yóò gbá mú. ₦22,000 fún oúnjẹ. Màmá rẹ ní kí n kọ ₦15,000, mo kọ̀, n kò fẹ́ kí o máa dákú sí iwájú àwọn ọmọ kíláàsì. ₦8,000 fún ọkọ̀, ₦3,000 fún káàdì àti dátà, ₦3,000 kí o fi pamọ́ fún àìsàn. Ó ku ₦20,000. Yáàdì mẹ́rin kì í di agbádá, bó ti wù kí télọ̀ mọṣẹ́ tó. ₦20,000 yẹn ni aṣọ tí a ní, òun náà la ó gé.

Lóṣù àkọ́kọ́, fi ₦18,000 pa ẹnu áàpù kìíní dé pátápátá, kí o yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù. Fún ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ₦2,000, kí o sì sọ ọjọ́ tí yóò máa rí ìyókù. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Olùkọ́ yẹn nìkan ló yá ọ lówó láìgba èlé, òun ni mi ò fẹ́ kí o bẹ́gi dí lọ́nà. Lẹ́yìn náà kí o dojú kọ áàpù kejì. Kọ̀wé sí wọn, ní kí wọ́n dá èlé dúró kí o máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, gbà á ní kíkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni gbómúléláńtà yóò fi parí, ₦24,000 yẹn yóò sì bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: oṣù márùn-ún. Jẹ́ ká pè é ní mẹ́fà, torí mo mọ ayé.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí wá kù. Mẹ́rin ni lọ́dún tó kọjá, mo sì rán mẹ́ta nínú rẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. N kò béèrè ibi tí o ti rí aṣọ. Inú mi ń dùn pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ń yẹ ọ́, àṣé àwìn ni mò ń fi ẹ̀rọ rán. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Fún ọdún yìí, bí ẹnikẹ́ni bá mú aṣọ wá, sọ fún un pé o máa wá jẹ ìrẹsì, ṣùgbọ́n o ò ra aṣọ. Ẹni tí kò bá fún ọ ní ìrẹsì nítorí ìyẹn, ìrẹsì rẹ̀ kò dùn. N kò sì ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ fún Iléyá. Àfáà wa sọ pé ẹni tó bá lágbára ni ẹran pípa wà fún, mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ ní 1994 lọ.

Mo ní èrò kan pẹ̀lú. Oṣù kẹjọ kò jìnnà. Láti ìgbà tí UNESCO ti kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún àgbáyé ní 2005 ni àwọn àlejò ti ń wá láti òkè òkun fún ọdún Ọ̀ṣun, wọn kì í sì í fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Àjákù àdìrẹ àti àǹkárá kún àpò méjì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ lò jù nínú àwọn ọmọ mi. Bí a bá ń rán àpò kéékèèké ní òpin ọ̀sẹ̀, a ó rí nǹkan gbé jáde nígbà náà. Ìdajì èrè jẹ́ tìrẹ.

Wá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Alaasari. Mú fóònù náà dání, má sì pa á. Màmá rẹ yóò ro àmàlà, mo ti sọ fún un kó má bi ọ́ ní ìbéèrè kankan títí o ó fi jẹun tán. Ó gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá mi lójú. Má gba ẹ̀yìnkùlé wá o. Ojú Ọjà Ọba ni kí o gbà. Ọmọ ìyá aláṣọ mi ló wà ní ìsọ̀ náà nísinsìnyí. Bá mi kí i.

Èmi ni bàbá rẹ.