Lẹ́tà sí Kẹ́hìndé tó lọ sí Èkó

Kẹ́hìndé mi,

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a pé ọdún 52. Mo se ẹ̀wà, mo pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, mo sì bu tìrẹ sọ́tọ̀. Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ló bá mi jẹ ẹ́. Ẹnu oúnjẹ yẹn ló ti sọ ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ó ní bí ọmọ bá wà nínú, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń gba ara ibi ọmọ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, òmíràn a sì jókòó síbẹ̀. Ní 1996, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Diana Bianchi, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí sẹ́ẹ̀lì ọmọkùnrin nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ti bímọ láti ọdún 27. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà, yẹ ọpọlọ obìnrin 59 tó ti kú wò. Wọ́n bá DNA ọkùnrin, ìyẹn ohun àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, nínú ọpọlọ àwọn 37. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 94!

Kúrómósómù Y, ìyẹn apá DNA tó ń sọ ọmọ di ọkùnrin, ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, torí kì í sábà sí lára obìnrin. Ìwọ nìkan sì ni ọkùnrin tí Màmá bí. Tèmi náà lè wà níbẹ̀, àmọ́ obìnrin ni mí, obìnrin ni Màmá, tèmi fara sin. Níbẹ̀ náà, Kẹ́hìndé, ìwọ ni wọn yóò kọ́kọ́ rí.

Èkó ni wọ́n ní o lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wá. Ibà mú ọ lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú wọ́n ti ká ẹní rẹ. Ìyá àgbà ní o lọ ra bàtà fún mi. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún ìbejì tó kù, kó má baà tẹ̀ lé èkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà! Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún ọ pé pupa ni kí o rà. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń jókòó sórí òkúta lẹ́bàá títì, tí mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó. Odindi ọdún méjì. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí. Ọmọ kíláàsì mi kan ló tú u síta níbi eré, mo sì lù ú. Ìwọ gan-an ló ń bí mi nínú, ìwọ tí o rán mi wá tọ́ ayé wò, tí o sì padà láìdágbére.

Màmá ti pé 81. Ìrántí wọn ti ń lọ. Ìdòwú ń fowó ránṣẹ́ nígbà tó bá wù ú, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń sáré tẹ̀ lé wọn bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn lóru. Mo ti ti ìsọ̀ mi pa. Ó rẹ̀ mí, Kẹ́hìndé. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ mi, wọn ò gbàgbé tìrẹ. N kò ní sẹ́ẹ̀lì ló fà á. Àmọ́ bí mo bá ń ya irun wọn báyìí, ọwọ́ mi máa ń pẹ́ lórí yẹn.

Lánàá wọ́n bá mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Kẹ́hìndé ò tíì ti Èkó dé?”

Mo ní ọkọ̀ rẹ ti gbéra ní Ojóta.

Wọ́n jókòó dè ọ́. Mo jókòó tì wọ́n.

Táíwò