Ẹ̀bẹ̀ Àwa Aránṣọ Abẹ́ Ọ̀gá sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìjẹ̀bú-Òde, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Kì í ṣe àwa tí a kọ ìwé yìí la ni ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ẹgbẹ́ tiwọn, ẹ sì mọ̀ wọ́n. Àwa la ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ọ̀gá ní Fọlágbadé, ní Òkè-Àjé àti káàkiri ìlú, tí à ń gba owó ọ̀sẹ̀ tàbí owó iye aṣọ tí a bá rán. Àwọn kan nínú wa ń gba aṣọ tí ọ̀gá ti gé sílẹ̀, wọ́n á dì í sínú báàgì, wọ́n á lọ rán an nílé. A ti kọ́ṣẹ́, a ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, àwọn ọ̀gá wa ti gbàdúrà fún wa. Owó tí a ó fi gba ṣọ́ọ̀bù tiwa ni kò tíì sí.

Ohun tó mú wa kọ̀wé ṣẹlẹ̀ nígbà Iléyá èṣí. Ẹ̀yin náà mọ bí Òde ṣe máa ń rí nígbà yẹn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ọdún Ojúde Ọba, régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, kọ̀ọ̀kan ló sì ní aṣọ tirẹ̀, ká má tíì sọ ti àwọn ìdílé tó ń gun ẹṣin. Aṣọ tí wọn yóò fi yọ níwájú ààfin kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á fi oṣù kan jiyàn lórí àwọ̀, wọ́n á fi òmíràn dá owó. Nígbà tí aṣọ bá fi máa dórí tábìlì ọ̀gá, ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn la fi ń rán ohun tó yẹ ká fi oṣù méjì rán. Nígbà tí gbogbo ayé bá wá ń pariwo pé aṣọ Ìjẹ̀bú dára, inú tiwa náà máa ń dùn, a ò ní purọ́.

Ọ̀kan nínú wa, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, gbé bùbá 24 lọ sílé. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ kí ọ̀gá náà tó sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé àyè ti há, kó máa gbé iṣẹ́ lọ sílé láti ọjọ́ kejì. Lóru ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, oorun gbé e lọ lórí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ gba ojú èékánná ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ wọlé, ó sì kán síbẹ̀. Ó ṣa àjákù aṣọ ẹgbẹ́ yẹn nílẹ̀, ó fi di ìka náà, ó ń rán an lọ, nítorí pé ìdájí ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Ọjọ́ mẹ́rin ni ṣóńṣó abẹ́rẹ́ fi wà nínú ìka yẹn kí dókítà tó yọ ọ́. Nígbà tó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ fún owó ìtọ́jú àti owó iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù, èsì tó gbà nìyí: “Ṣé mo gbà ọ́ síṣẹ́ ni? Iṣẹ́ ni mo gbé fún ọ.”

A ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò tinú tòde ní ìpàdé wa, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ti sọ ọ́ fún. Ohun tó dùn wá jù ni pé òfin fẹ́rẹ̀ẹ́ gbè sẹ́yìn ọ̀gá náà.

Òfin Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè wa, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1971, dára fún ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Abala 7 ní kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀gá ti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, iye owó rẹ̀, ìgbà tí yóò máa gbà á àti wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́. Òfin yìí kan náà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, àti ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà fún ìsinmi ọdọọdún tí owó kò ní dúró. Ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni kí wọ́n fi kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó dá a dúró. Ìyá tí à ń wí yìí lo ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ kan ni wọ́n fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí òfin náà dé abala 91, níbi tó ti sọ ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti yọ ẹni tí wọ́n gbé ohun èlò fún láti lọ ṣe iṣẹ́ lé e lórí nílé ara rẹ̀, tàbí níbi tí kò sí lábẹ́ àkóso ẹni tó gbé e fún un. Nígbà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ ni. Nígbà tó gbé aṣọ kan náà, òwú kan náà, ìwọ̀n kan náà kọjá ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Kò sí ohun tó yí padà lára iṣẹ́ rẹ̀ ju òrùlé tó wà lórí rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀gá kan ti mọ èyí, ìdí nìyẹn tí àyè fi ń há ní ṣọ́ọ̀bù wọn lójoojúmọ́.

Ẹ má rò pé ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 là ń bèèrè. Òfin owó oṣù tó kéré jù yẹn yọ ibi iṣẹ́ tí èèyàn rẹ̀ kò bá tó 25, ó sì yọ ẹni tó ń gba owó lórí iye tó bá ṣe. A ò mọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kankan ní Òde tó ní ẹ̀rọ 25.

A kò sì wá ba àwọn ọ̀gá wa jẹ́ lójú yín. Àwọn náà ń jẹ ìyà. Oníbàárà á wọ aṣọ lọ sí Ojúde Ọba, á ya fọ́tò, owó ìránṣọ á sì di “mò ń bọ̀” títí di Ọdún Kérésì. Àmọ́ tí gbèsè bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè, orí wa nísàlẹ̀ ló máa ń já lé.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òfin iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ yín, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, gbé àkóso ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo ọ̀gá ti ń gba ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bẹ̀ wa wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìwé àdéhùn olójú ewé kan, ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì ní kí ọ̀gá tó bá wá sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun mú un wá fún ẹnikẹ́ni tó ń bá a ránṣọ, ì báà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní àsìkò Iléyá nìkan. Kí ó sọ iye owó orí bùbá, ti agbádá, ti ọnà ọrùn. Ọjọ́ tí owó yóò wọlé, yálà oníbàárà san tàbí kò san. Ẹni tó ń ra òwú. Ẹni tó ń sanwó ìtọ́jú tí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn. Bí òfin iṣẹ́ kò bá tilẹ̀ pe ẹni tó ń rán nílé ní òṣìṣẹ́, àdéhùn tí èèyàn méjì fọwọ́ sí ṣì ń jẹ́ àdéhùn níwájú adájọ́. Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn òbí wọn sábà máa ń bá ọ̀gá kọ̀wé, nítorí náà a ò sọ̀rọ̀ wọn níbí.

Ìkejì, ẹ yan òṣìṣẹ́ yín kan tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ owó iṣẹ́ kó tó di ọ̀rọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé Ẹjọ́ Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè ni òfin gbé irú ẹjọ́ yìí fún, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba lọ́yà nítorí owó bùbá 24? Tábìlì kan àti àga mẹ́ta ní sẹkitéríàtì yóò tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Nígbà iṣẹ́ òru, àwọn ọ̀gá kan máa ń gbé e wọnú ṣọ́ọ̀bù nítorí olè, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa tí à ń ránṣọ àti èéfín rẹ̀. Kí àwọn wolé-wolé yín máa yà wò wá ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú Iléyá. Lóru ni kí wọ́n wá, torí lọ́sàn-án, ìta ni jẹnẹrétọ̀ máa ń wà.

Aṣọ ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní kété tí a bá túnnu tán. Tí ìwé àdéhùn yẹn bá lè ti wà nílẹ̀ kó tó di ìgbà náà, a ó dúpẹ́. Èèyàn mẹ́fà la yàn láti wá rí yín, ọjọ́ tó bá wù yín la ó wá. Kó ṣáà má jẹ́ ọjọ́ Ẹtì tàbí Sátidé, nítorí ọjọ́ méjèèjì yẹn ni wọ́n ń wá gba aṣọ òde.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
fún àwọn aránṣọ abẹ́ ọ̀gá ní Ìjẹ̀bú-Òde.