Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí n máa dúpẹ́

Ìtòsí Bergen, Nọ́wè
Oṣù Kọkànlá 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé wàá ní ọjọ́ mẹ́ta kọ́, oṣù mẹ́ta ni. Dákun, má bínú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú níbí báyìí, òjò ò sì dá. Ọwọ́ èèyàn kì í yá sí nǹkan kan tí ojú ọjọ́ bá rí báyìí. Òjò Bergen kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò tiwa: láti ìparí oṣù Kẹwàá 2006 wọ oṣù Kìíní 2007, ọjọ́ 85 ló fi rọ̀ láìfo ọjọ́ kan, àwọn ará ibẹ̀ sì ń fi yangàn bí ẹni pé àwọn ló rọ ọ́. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Eyín àbíkẹ́yìn ti ń ká, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ga jù mí lọ, bàbá wọn kí ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè gbé sùn mọ́. O gbọ́ ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sójú òpó àwa tí a jọ lọ sílé ìwé lọ́jọ́sí, o sì rí ohun tí ọ̀kan nínú wa kọ sí i. Mo mọ̀ pé o rí i, torí pé o dákẹ́, mo sì mọ irú ìdákẹ́ rẹ yẹn láti ilé ìwé. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn èèyàn ibí yìí mọ ọpẹ́ dú. Ṣé mo ti sọ fún ọ rí pé ọpẹ́ wọn jọ tiwa? Tí ẹ bá jọ ṣe fàájì, tí ẹ tún pàdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí wọn máa kọ́kọ́ sọ ni "takk for sist", ẹ ṣeun ti ọjọ́sí. Ọmọ tó bá jẹun tán á dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó sè é. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ṣeun ti òní. Kódà lójú oórì, ohun tí o máa rí lára òkúta ni "takk for alt", ẹ ṣeun gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ní háà, ta ló kó àwọn wọ̀nyí kúrò lọ́dọ̀ wa?

Ṣùgbọ́n jókòó tì wọ́n nígbà oúnjẹ ọ̀sán nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó iná! Omi ló ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iná wọn wá, òjò tí mo ń ráhùn lé lórí yẹn náà ni, iná wọn sì ti pọ́ọ́kú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó di 2021, wáyà ńlá méjì tó gba abẹ́ òkun lọ sí Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gáàsì náà gbówó lórí ní Yúróòpù, owó iná apá gúúsù níbí bá fò fẹ̀rẹ̀, ti àríwá sì jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó wà. Láti oṣù Kejìlá ọdún náà ni ìjọba ti ń bá wọn gbé nínú ẹrù náà. Wọ́n ń kùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ìjà lórí òfin iná ti Yúróòpù lé ẹgbẹ́ òṣèlú Senterpartiet kúrò nínú ìjọba. Wọ́n ń kùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ẹni tó bá wù lè yan iye kan tí kì í yí padà, 50 øre, ìyẹn ìdajì kroner kan tí í ṣe owó wọn, lórí ìwọ̀n iná kọ̀ọ̀kan, àtowó orí ọjà. Ní báyìí, owó wáyà tó ń gbé iná wọ ilé kálukú ni wọ́n ń sọ. Iná ọ̀hún kì í sì í sábà lọ o! Láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i kó lọ. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kejì, mo pariwo ohun tí a máa ń pariwo, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá àwọn ọmọ.

Wọ́n rí epo ní Ekofisk lábẹ́ òkun ní ìparí 1969, wọn ò sì ná an tán. Wọ́n fi òfin dá àpò kan sílẹ̀ ní 1990, wọ́n sọ owó àkọ́kọ́ sínú rẹ̀ ní 1996, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí sì ti lé ní 20,000 bílíọ̀nù kroner. Wọn ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.6 lọ. Mo fi fóònù ṣírò rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan: tí wọ́n bá pín in, ó lé ní mílíọ̀nù 3.5 kroner lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo wá yíjú wo ọkùnrin tó jókòó tì mí. Bọ́ọ̀sì ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé.

Àwọn olówó wọn náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún lórí ọrọ̀ èèyàn, àwọn mìíràn bá ń dì mọ́lẹ̀ lọ sí Swítsàlandì. Ariwo tó sọ nígbà tí Kjell Inge Røkke, tó fi iṣẹ́ apẹja bẹ̀rẹ̀, kó lọ sí Lugano ní 2022 kì í ṣe kékeré. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 2017, nígbà tí wọ́n kà wọ́n sí orílẹ̀-èdè tí inú aráàlú dùn jù lágbàáyé. Lọ́dún yìí wọ́n bọ́ sí ipò keje, Fínlándì ló wà lókè. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa bínú sí ìyẹn náà. Inú rẹ̀ bàjẹ́ pé inú àwọn ò dùn tó!

Gbogbo èyí ni mo ti ń gbọ́ tí mo ń mi orí. Lọ́kàn mi, aláìmoore ni mo ń pè wọ́n, mi ò purọ́ fún ọ. Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù tó kọjá. A jókòó yí tábìlì ká, kálukú ń tú búrẹ́dì tó dì nínú bébà láti ilé. Wọ́n ti orí owó iná bọ́ sórí owó wáyà. Mi ò mọ ohun tó sún mi. Mo ní, "Ní tèmi o, èjìká ló ń dùn mí. Àwa méjì là ń ṣiṣẹ́ èèyàn mẹ́ta lálẹ́." Òótọ́ ni, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń fi ọkọ̀ gbé mi délé, tó hun fìlà òtútù fún àbíkẹ́yìn mi, rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó yẹ kí inú tìẹ máa dùn pé o wà níbí."

Kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí wọra. Ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Mo ń gbọ́ ṣíbí ẹnì kan tó ń ro kọfí nínú ife, ó ń ro ó, ó ń ro ó. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú mi dùn gan-an, mo sì bu búrẹ́dì mi jẹ. Wọ́n padà sórí owó iná.

Mo délé, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo gba ohùn yẹn sílẹ̀. Omi tí o gbọ́ tó ń dà lẹ́yìn mi, èmi ni mo ṣí i kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́. Ẹ̀yin ni mo rò pé mò ń bá sọ̀rọ̀, àwa tí a jọ kúnlẹ̀ nítorí ìgò tàdáwà yẹn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí onítọ̀hún fi kọ ọ́: "Ṣé ká pààrọ̀ ni? Aláìmoore." Èèyàn mẹ́sàn-án fi ẹ̀rín sí i. Mo kà wọ́n. Ó tiẹ̀ pa èmi náà lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí tó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà lọ́hùn-ún, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ kọ ọ́. Àmọ́ gbọ́ o. Àwọn tó wà níbí ní kí n máa dúpẹ́ torí ibi tí mo ti wá. Àwọn tó wà níbi tí mo ti wá ní kí n máa dúpẹ́ torí ibi tí mo wà. Ibo ni kí n wá gbé èjìká yìí lọ?

(Ṣé òótọ́ ni pé àbúrò ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣègbéyàwó nínú oṣù Kejìlá? Àwọ̀ wo lẹ mú? Bí mo ṣe ń bínú yìí náà, ẹ gé tèmi dání.)

Màmá kan wà lára àwọn tí à ń tọ́jú níbi iṣẹ́, ẹni ọdún 91. Òfin ò gbà kí n dárúkọ rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ológun Jámánì wọlé ní oṣù Kẹrin 1940. Ó ní káàdì ni wọ́n fi ń ra kọfí títí di 1952, àti pé ó di 1960 kí èèyàn tó lè ra ọkọ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Tí mo bá wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, "takk". Ẹsẹ̀ òsì, "takk". Tó bá jẹun tán, á ká bébà ìnuwọ́ sí mẹ́rin, á fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó ká títí á fi pẹlẹbẹ, á fi sápò. Má dán an wò láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, ó tán, mo ti rí ẹni tó moore.

Àbẹ̀kẹ́, màmá yìí ló ń kùn jù nínú gbogbo wọn! Gbogbo ìgbà ló ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àdúgbò. Ó ti kọ nípa ẹja tí wọ́n gún tí wọ́n dín bí àkàrà, tó tutù kó tó dé iwájú rẹ̀. Ó ti kọ nípa fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, ló bá ní kí n dúró lẹ́yìn iṣẹ́ kí n bá òun kọ ọ́. Ó ń sọ, mò ń kọ. Ibì kan ni a dé tó ní, "Obìnrin méjì ò lè gbé gbogbo wa lálẹ́. Ẹ̀yìn wọn á kán." Ọwọ́ mi dúró. Ọ̀rọ̀ mi gan-an, lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í pé pẹ̀lú gbogbo ohun tójú rẹ̀ ti rí, ṣé ọpẹ́ kọ́ ló kù. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè bóyá ẹja ń gun igi. Ó ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí, àbí mi ò dúpẹ́? Ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń bá wí nísinsìnyí."

Nígbà tí a parí, ó fọwọ́ sí i, ó ti bébà náà sí mi. Ó ní kí èmi náà fọwọ́ sí i. Mi ò fọwọ́ sí i. Mo ní màá rò ó. Mo ní bọ́ọ̀sì mi ti ń bọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kó dé.

Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ, ó bá gbé ìtàn Farouk al-Kasim kalẹ̀. Ọmọ Iraq ni, ó mọ̀ nípa epo, ó kó wá síbí ní 1968 torí ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó yà sí ọ́fíìsì ìjọba ní Oslo láti béèrè àwọn iléeṣẹ́ epo tó lè gbà á síṣẹ́, ìjọba fúnra rẹ̀ ló gbà á, ó sì wà lára àwọn tó là wọ́n lọ́yẹ̀ bí epo ò ṣe ní bà wọ́n jẹ́. Bàbá wọn ní, ṣé o rí i, àlejò ni, ó sì sọ̀rọ̀. Mo ní, epo ni ìyẹn mọ̀. Èmi, ìbọ̀sẹ̀ arúgbó ni mo mọ̀. Ó ní ẹnu mi kọjá bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bò. Mo fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni wọ́n ti gbà kí èèyàn di tiwọn láìkọ tirẹ̀ sílẹ̀, ọdún mi ti pé, mo sì ti yege nínú ìdánwò èdè wọn. Mo ń sọ fún ara mi pé torí àwọn ọmọ ni. Irọ́ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá tí ìwé ìrìnnà wọn bá ti wà lọ́wọ́ mi, mo lè jókòó sídìí tábìlì yẹn kí n ráhùn èjìká, àní owó iná pàápàá, kí ẹnikẹ́ni má dákẹ́ lé mi lórí. Tàbí ojú mi ni wọn á ṣì máa wò. O ò rí nǹkan sọ sí i?

Ìwé ìbí mi wà lọ́dọ̀ màmá mi, nínú àpótí onírin yẹn, lábẹ́ aṣọ òfì tí kì í ró. Jọ̀ọ́, bá mi lọ gbà á, kó gbogbo ìwé mi lè pé lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó béèrè. Ya fọ́tò rẹ̀ tojú tẹ̀yìn kí o tó fi ránṣẹ́. Má sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Tó bá bi ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọ ni. Tó bá gbọ́, á ní mo ti kọ òun sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye òfì tó tà kí n tó rí owó ọkọ̀ òfuurufú. Màá sọ fún un fúnra mi, lójúkojú. Má dárúkọ èjìká rárá. Sọ pé mò ń sanra.

Èmi nìkan ni kí o kọ ọ́ sí, kì í ṣe ojú òpó. Kí o sì sọ òótọ́ fún mi: ká ní kì í ṣe èmi ni, ṣé ìwọ náà ò bá ti fi ẹ̀rín sí i?

Tìrẹ,
Àṣàkẹ́

Mo tún rántí: wọ́n ti tẹ lẹ́tà màmá náà jáde láàárọ̀ yìí. Wọ́n gé ìdajì rẹ̀, ó ti ní kí n wá lọ́la ká fi òmíràn bá wọn jà. Gbólóhùn ẹ̀yìn kíkán yẹn ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀.