Lẹ́tà sí Frank Hancock, ọ̀gá ikọ̀ Cardiff

Ọ̀gbẹ́ni Hancock,

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní 1886 ni mo bá wá, ọjọ́ tí ẹ kó ikọ̀ rọ́gbì Wales lọ kojú Scotland ní Cardiff Arms Park. Wọ́n ní ètò yín, ti fífi ẹni mẹ́rin sáré lẹ́yìn dípò mẹ́ta, ló fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà. N ò gbà.

Ẹ̀yin ọmọ Somerset tí iṣẹ́ bíà ìdílé gbé dé Cardiff, ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn 15 tó ń gbá rọ́gbì nígbà náà, mẹ́sàn-án ló ń ti scrum (ibi tí àwọn ará iwájú ikọ̀ méjèèjì ti ń fi èjìká ti ara wọn du bọ́ọ̀lù), méjì ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn wọn, mẹ́ta ni three-quarter tó ń sáré, ẹnì kan ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ní 1884, ẹ gba ipò ẹni tí kò ráàyè wá nínú ikọ̀ Cardiff, ẹ sì jẹ try méjì (ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò). Wọn ò lè jù yín sílẹ̀, ojú ò sì jẹ́ kí wọ́n lé onípò. Wọ́n bá yọ ẹnì kan kúrò nínú scrum, three-quarter di mẹ́rin. Ojú àánú ló bí ọgbọ́n náà!

Nígbà tó jẹ́ mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló wà láàárín, ó sì máa ń dá sáré títí wọn á fi dì í mú. Nígbà tí àárín di méjì, ẹni àkọ́kọ́ á fa alátakò mọ́ra, á ju bọ́ọ̀lù sí ìkejì, ẹni etí pápá á wá rí àyè. Bó bá yá jù, alátakò á ti yà sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Bó bá pẹ́, wọ́n ti gbé e ṣánlẹ̀ tòun ti bọ́ọ̀lù. Ní sáà 1885-86, ẹ̀yin Cardiff borí ìdíje 26 nínú 27, ẹ jẹ try 131, mẹ́rin péré ni àwọn alátakò jẹ. Moseley, ẹgbẹ́ kan láti England, nìkan ló nà yín, ní ìdíje tó kẹ́yìn.

Kí ló wá dé níwájú Scotland? Ẹni mẹ́jọ ò lè ti mẹ́sàn-án. Ohun tó kù fún mẹ́jọ ni kí wọ́n tètè fi gìgísẹ̀ yọ bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, èyí sì gba kí wọ́n ti jọ ṣe é léraléra. Inú ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣa mẹ́jọ Wales jọ. Scotland tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ebi bọ́ọ̀lù pa ẹ̀yin mẹ́rin ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn lẹ mú Harry Bowen tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wá sí scrum, ẹ rán Arthur Gould, ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́rin, lọ dípò rẹ̀. Gólì méjì àti try kan ni Scotland fi nà yín. Wales ò pè yín mọ́.

Ní oṣù Kejìlá 1888, Wales tún fi mẹ́rin gbá ní Swansea, wọ́n sì borí àwọn Native, ikọ̀ tó rìnrìn-àjò wá láti New Zealand. Ní 1893, Gould fi mẹ́rin na England, Scotland àti Ireland. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, England náà kó mẹ́rin jáde ní Birkenhead, wọ́n sì fi ètò yín na Wales, 24 sí 3.