Ìka ìyá mi kì í ṣe ayédèrú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, odindi wákàtí mẹ́rin ni ìyá mi, ẹni ọdún 74, fi jókòó ní báńkì kan níbí ní Abẹ́òkúta, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kò rí ìka wọn. Kì í ṣe pé owó ò sí. Kì í ṣe pé ìwé ò pé. Ìka ni ẹ̀rọ kò rí! Nọ́ńbà fóònù wọn tó sọnù la fẹ́ pààrọ̀ lórí àkáǹtì, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n fi ìka ra irun orí. Wọ́n fi rà á. Ó ní kí wọ́n lọ fọwọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́. Àmì pupa ṣáá ni. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ náà ní ká máa lọ sílé ná, bóyá ìka Màmá á padà wá. Kó padà wá láti ibo?

Èmi mọ ibi tí ìka náà lọ. Ó lé ní ogójì ọdún tí ìyá mi fi rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ aró mọ̀ pé sódà kì í bá awọ ṣeré. Ìlà wẹ́wẹ́ orí ìka ni ẹ̀rọ yìí ń kà. Sódà ti jẹ nínú rẹ̀, ọjọ́ orí ti jẹ ìyókù, torí awọ àgbà a máa gbẹ, ìlà rẹ̀ a sì máa tẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ bi bíríkìlà. Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Láyé ìsinsìnyí, kò wọ ẹ̀rọ báńkì náà mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ mi fi Noland Arbaugh hàn mí lórí fóònù, ará Amẹ́ríkà kan tí jàǹbá inú omi sọ di ẹni tí kò lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Neuralink fi ẹ̀rọ kan tí kò ju owó onírin lọ sínú agbárí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn okùn tó tín-ín-rín ju irun lọ nínú ọpọlọ. Èrò inú lásán ló fi ń ta chess lórí kọ̀ǹpútà! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, díẹ̀ nínú okùn náà yọ kúrò láyè wọn. Ṣé wọ́n ní kó lọ ronú dáadáa kó tó padà wá? Rárá o. Ẹ̀rọ ni wọ́n tún ṣe, kó lè máa ka ìwọ̀nba ohun tó kù. Níbí ńkọ́? Ènìyàn ni wọ́n ní kó lọ tún ara rẹ̀ ṣe.

Àwọn ọ̀gá tó ń pàṣẹ ìtẹ̀ka yìí, ọwọ́ wọn rọ̀ bí òwú, ẹ̀rọ kì í kọ tiwọn. Àbí wọ́n ti gbàgbé 28 March 2015, nígbà tí ẹ̀rọ ìdìbò kọ Ààrẹ Goodluck Jonathan ní Otuoke, tó jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn? Ìyá tèmi kì í ṣe Ààrẹ, òṣìṣẹ́ báńkì ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Ní ìdìbò ọdún 2023, BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, kọ ìka ìyá mi; òṣìṣẹ́ gbé e síwájú wọn, ó ya ojú wọn, wọ́n dìbò. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Kí báńkì, ilé iṣẹ́ fóònù àti àwọn tó ń yẹ olówó ìfẹ̀yìntì wò ṣe bẹ́ẹ̀: ìka lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ojú. Àwòrán ojú ṣáà wà nínú BVN àti NIN, òṣìṣẹ́ wọn ló yà á. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù gbájúẹ̀ tó máa gbé fọ́tò síwájú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ ní kéèyàn ṣẹ́jú, kó yí ọrùn. Bí ojú náà bá kọ̀, kí ọ̀gá ẹ̀ka jáde wá, kó yẹ ìwé wò, kó buwọ́ lù ú. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri ní Yorùbá, kó má baà jẹ́ pé ìgbà tí inú òṣìṣẹ́ bá dùn ni wọ́n á tó ṣe é. Íńdíà ń gba ẹyinjú mọ́ ìka fún Aadhaar, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiwọn, láti 2010. Kí wọ́n sì fi àga kún àga.

Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ìyá mi ti ń fi òrí pa àtàǹpàkò lálaalẹ́, tí wọ́n á nà án síbi iná, tí wọ́n á máa bi mí bóyá ìlà ti ń hù.

Ọmọ Aláró,
Abẹ́òkúta.